Ẹ kúrò létí gọ́tà: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará wa tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Peckham lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbí káwọn náà lè rí i kà, mo sì ti gbìyànjú láti kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìjókòó. Bàbá tó ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ fún wa ti ní a ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà, gbogbo wa sì ṣe àmín tó ròkè lálá, èmi náà ṣe tèmi tọkàntọkàn torí mo mọ ohun tójú mi ti rí lórí títì ìlú yìí. Àmọ́ mo fẹ́ fi nǹkan kan kún àdúrà yẹn. Títì Lọ́ńdọ̀nù ní ibì kan tó ti máa ń rí èèyàn jẹ, ibẹ̀ náà gan-an làwa tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì máa ń lọ fara pamọ́ sí. Etí gọ́tà ni.

Ẹ mọ ibi tí mò ń wí. Ibi tí títì ti pàdé kọnkéré táwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn lórí ẹ̀, ibi tómi òjò ń gbà wọnú ihò, tí àfọ́kù ìgò ń kó jọ sí. Ẹ jáde sí Old Kent Road ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ẹ máa rí ẹnì kan tó wà ní àárín léènì ẹ̀ gbágbáágbá, tí bọ́ọ̀sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ẹ ò ní pẹ́ rí ọmọ tiwa kan náà, àpò oúnjẹ ńlá wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ti fún ara ẹ̀ mọ́ etí kọnkéré débi pé pẹ́dà ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha á, gbogbo mọ́tò sì ń fẹ́ ẹ lápá kọjá fìì, fìì. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé tó fi lọ há síbẹ̀, ohun tó máa sọ fún yín ni pé kóun má bàa dí àwọn onímọ́tò lọ́wọ́ ni. Mo ti bi àwọn bíi mélòó kan, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi.

Kóun má bàa dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá wá sínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, torí mi ò rí i bí ìwà òmùgọ̀, ìwà ọmọlúàbí ni, ilé la ti kọ́ ọ.

Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ Raleigh kan, dúdú, gíga, tó máa ń fi òróró nu ṣéènì ẹ̀ ní gbogbo alẹ́ Sátidé. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo máa ń jókòó sí tá a bá ń lọ sóko. Tí lọ́rì bá ti fọn fèrè lẹ́yìn wa, bàbá mi kì í wẹ̀yìn rárá, ṣe ló máa darí kẹ̀kẹ́ wọnú koríko, á fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀, á ní kí n dì í mú, a ó wá dúró báyìí títí lọ́rì á fi kọjá tòun ti eruku ẹ̀, lẹ́yìn náà á nu ojú, á tún ti kẹ̀kẹ́ padà sójú ọ̀nà. Mi ò rí i kó bínú sí i lọ́jọ́ kan. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tó tóbi jù ni àgbà ọ̀nà. Tírélà ò yà fún ẹnì kankan, dáńfó ń yà fún tírélà, ọ̀kadà ń yà fún dáńfó, kẹ̀kẹ́ ológeere ń yà fún gbogbo wọn, ẹlẹ́sẹ̀ ló wá kéré jù níbẹ̀. Ẹni tó bá lóun ò yà, wọ́n á ní kò gbọ́n. (Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni wọ́n ti ń ṣe Raleigh nígbà yẹn o. Nígbà tí mo débí tí mo mọ̀, ó ṣe mí bákan, pé láti ilẹ̀ yìí ni kẹ̀kẹ́ bàbá mi ti wá, kó tó wá di ohun tó ń sá wọ koríko ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn.)

Ṣùgbọ́n báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Níbí, lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n tún ìwé ìlànà ojú títì wọn ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní Highway Code, tó ti wà látọdún 1931. Ohun tí wọ́n fi ṣáájú ìwé náà báyìí ni pé ẹni tọ́kọ̀ ẹ̀ lè ṣe ẹlòmíì léṣe jù, òun ni ẹrù ìṣọ́ra wà lọ́rùn ẹ̀ jù. Ẹ gbọ́ o. Ẹrù onílọ́rì wúwo ju ti onímọ́tò lọ, ti onímọ́tò ju ti ọlọ́kadà, tàwa oníkẹ̀kẹ́ náà ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Wọ́n ti da ètò tí bàbá mi mọ̀ dorí kodò. Wọn ò sọ pé káwa oníkẹ̀kẹ́ máa ṣe bó ṣe wù wá, gbogbo wa ló ní tiwa láti ṣọ́, àmọ́ kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ bọ́ sínú koríko torí ẹnì kan ń kánjú lẹ́yìn yín.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé yẹn, torí ó rọrùn fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ibi tó bá ti sọ pé ẹ "gbọ́dọ̀" ṣe nǹkan, òfin gidi ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ọlọ́pàá lè mú yín tẹ́ ẹ bá rú u. Ibi tó bá ti jẹ́ "ó yẹ kẹ́ ẹ", wọn ò ní torí ìyẹn nìkan mú yín, ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, wọ́n lè gbé ìwé yẹn sílẹ̀ láti fi wo ta ló jẹ̀bi. Nítorí náà ẹ má ka ọ̀rọ̀ "ó yẹ" sí ìmọ̀ràn lásán.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàmú, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń rìn ní Nàìjíríà látọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, kó tó dìgbà yẹn ọwọ́ òsì tí òyìnbó fún wa la fi ń rìn, àwa kúrò níbẹ̀, àwọn ò kúrò. Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà, tójú ẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti kọ́kọ́ wo òsì kó tó sọdá, ojú yẹn kan náà ló gbé wọ bààlúù wá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ tí alákàn bá ń wo òsì nígbà tí nǹkan ń bọ̀ látọ̀tún ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá débí, ẹ rìn yí àdúgbò yín ká ná kẹ́ ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Ẹ dúró lẹ́bàá oríta kẹ́ ẹ máa wo bí mọ́tò ṣe ń wọlé tó ń jáde. Níbí, yíyà sọ́tùn-ún ló ṣòro torí ẹ máa dá àwọn tó ń bọ̀ níwájú kọjá, yíyà sósì ló rọrùn. Ní ráńdábáòtù, ọ̀tún lẹ ó ti retí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó wọnú ara yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí etí gọ́tà.

Ìwé náà sọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wà. Ní títì tí mọ́tò ò pọ̀ níbẹ̀, tàbí tí gbogbo ọkọ̀ bá ń rọra lọ, tàbí tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ oríta, tàbí tí títì bá fún, àárín léènì yín ni kẹ́ ẹ wà. Níbi tí mọ́tò ti pọ̀ tí wọ́n sì ń sáré jù yín lọ, ẹ fi ìdajì mítà sílẹ̀, ó kéré tán, láàárín yín àti etí títì. Ìdajì mítà, ìgbọ̀nwọ́ kan àti díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí wọ́n gúnlẹ̀, ẹ fi mítà kan gbáko sílẹ̀, torí ìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi bí òfin lásán. Fojú inú wò ó pé ìwọ lò ń wa mọ́tò. O rí oníkẹ̀kẹ́ kan níwájú ẹ tó há mọ́ etí kọnkéré. Ojú ẹ á wọn àyè tó kù nínú léènì, á ní ó tó, á sì gba ibẹ̀ kọjá láì tẹ búrẹ́kì, láì kúrò nínú léènì ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan ló rò ó. Oníkẹ̀kẹ́ yẹn ti sọ fún ẹ láìlanu pé àyè wà. Ká wá ní ó wà ní mítà kan sáàárín. Ojú ẹ á tún wọ̀n ọ́n, á rí i pé kò gbà á, ó di dandan kó fẹsẹ̀ rọ̀, kó dúró dìgbà tí apá kejì bá dá, kó wá bọ́ síbẹ̀ pátápátá bí ẹni tó ń ya mọ́tò bíi tiẹ̀ sílẹ̀. Dírẹ́bà kan náà ni o, títì kan náà ni. Ibi tí kẹ̀kẹ́ wà nìkan ló yàtọ̀.

Ẹni tó há sétí gọ́tà kò tún níbi tó lè sá sí mọ́. Bó bá kan ihò, bó bá kan ìgò, bí ẹlẹ́sẹ̀ kan bá já bọ́ látorí kọnkéré, apá ọ̀tún tí mọ́tò wà ló máa yà sí. Ẹni tó wà níta díẹ̀ ṣì ní àyè lósì tó lè sún sí. Àyè tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀ ń fi ta àwọn onímọ́tò lọ́rẹ, tiyín ni.

Mo fẹ́ sọ tèmi báyìí. Ọdún kẹta tí mo débí ni, inú oṣù kọkànlá, òjò wínniwínni, ilẹ̀ ti ṣú ní aago márùn-ún bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀ níbí. Lọ́rì akóyanrìn kan dúró níbi iná pupa. Wọ́n kun ìlà kékeré kan fún kẹ̀kẹ́ sí apá òsì ẹ̀, ìlà yẹn lọ jáde sí àpótí funfun tó wà níwájú àwọn ọkọ̀, tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sínú ẹ̀. Mo ní ọ̀nà mi nìyẹn. Mo yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ́rì náà lọ. Mo ti dé ọ̀gangan táyà iwájú ẹ̀ nígbà tí iná di gíríìnì, mi ò tíì dé inú àpótí yẹn. Lọ́rì náà kọ́kọ́ fì sọ́tùn-ún díẹ̀, mo sì rò pé ó ń ya fún mi ni. Kò yà fún mi o. Lọ́rì tó gùn báyẹn, tó bá fẹ́ yà sósì, iwájú ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbé jáde sọ́tùn-ún kó lè rí àyè wọ kọ́nà. Iná òsì ẹ̀ ń ṣẹ́jú lẹ́yìn, àmọ́ èmi ti kọjá ẹ̀yìn, báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i? Ni ara lọ́rì náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ mi, bí ògiri tó ń rìn. Irin tí wọ́n fi dá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dúró wà lósì mi. Mo gbá irin yẹn mú, mo fa ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè, mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn lọ́rì náà gorí ẹ̀. Ìró yẹn ṣì wà létí mi, àwọn wáyà inú táyà kẹ̀kẹ́ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, tan, tan, tan, bí ìgbà téèyàn ń já okùn gìtá.

Dírẹ́bà náà sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà ni, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ, ó ń pè mí ní ọmọ mi, ó ń sọ pé òun ò rí mi, òun ò rí mi rárá. Mo gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì gbà á gbọ́ dòní. Ọwọ́ ọ̀tún ni síárìn wà nínú ọkọ̀ níbí, dírẹ́bà lọ́rì sì jókòó sókè réré, ìsàlẹ̀ apá òsì ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí ò jókòó tì, ibẹ̀ gan-an lojú ẹ̀ ò dé. Ibẹ̀ náà ni mo lọ dúró sí. Tí lọ́rì bá sì ń yí kọ́nà, táyà ẹ̀yìn ẹ̀ kì í gba ojú ibi tí táyà iwájú gbà, inú ló máa ń gé wọ̀, ó máa ń gé orí kọ́nà jẹ. Ẹni tó bá wà láàárín lọ́rì àti kọ́nà wà nínú ẹnu ẹ̀ nìyẹn.

Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe nǹkan sí i. Látọdún 2021, lọ́rì tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù 12 lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó wọ ìlú, wọ́n ń fi ìràwọ̀ wọn bí dírẹ́bà ṣe ń ríta sí látorí ìjókòó ẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2024 wọ́n gbé e láti ìràwọ̀ kan sí mẹ́ta, èyí tí ò bá tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń dún sára. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ má torí kámẹ́rà ẹlòmíì fi ara yín wewu. Tẹ́ ẹ bá rí lọ́rì tàbí bọ́ọ̀sì tó dúró níwájú yín ní oríta, ẹ dúró sẹ́yìn ẹ̀, láàárín léènì, níbi tí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti lè rí yín. Tẹ́ ẹ ò bá rí gíláàsì ẹ̀, òun náà ò rí yín. Ìlà tí wọ́n kùn sílẹ̀ yẹn, ọ̀dà ni, kò lè gba táyà dúró. Mo bẹ̀ yín, kódà tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé eléyìí, ẹ má gba apá òsì lọ́rì kọjá.

Ìlẹ̀kùn ńkọ́. Èyí náà wọ́pọ̀, pàápàá ní Rye Lane àti Walworth Road tí wọ́n ti ń dúró já èrò àti ẹrù. Ẹnì kan ṣí ìlẹ̀kùn mọ́tò láìwẹ̀yìn, o sì gbá a. Ẹni tó ṣí i ló rú òfin, fáìnì ẹ̀ lè tó ẹgbẹ̀rún kan pọ́ùn, ṣùgbọ́n eegun èjìká tó ṣẹ́ kì í mọ ta ló jẹ̀bi. Mítà kan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ìwé yẹn ti kọ́ yín ní nǹkan kan: ọwọ́ tó jìnnà sí ìlẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ fi ṣí i. Dírẹ́bà tó wà lọ́tùn-ún, ọwọ́ òsì ni kó fi ṣí i, ara ẹ̀ á yí fúnra ẹ̀, ojú ẹ̀ á lọ sẹ́yìn. Ẹ dán an wò lórí àga tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn. (Gbogbo gbọ̀ngàn dán an wò, inú mi dùn.)

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí, àwọn kan ń wa mínikábù, àwọn kan ń wa fáànù. Ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbi tí iré ò ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ, mítà kan àbọ̀ lẹ ó fi sílẹ̀ láàárín, ju bẹ́ẹ̀ lọ tí iré bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sósì tí oníkẹ̀kẹ́ kan ń lọ tààrà lósì yín, ẹ má gé e lójú ọ̀nà, ẹ dúró kó kọjá. Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá ń sáré bá àkókò, èmi náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọmọ ẹnì kan ló wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹni tó jókòó tì yín nínú gbọ̀ngàn yìí.

Báwo léèyàn ṣe ń kúrò létí gọ́tà? Wọn kì í já jáde lójijì. Ẹ wẹ̀yìn lórí èjìká ọ̀tún, ẹ wo ohun tó ń bọ̀, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ, ẹ tún wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ tó sún jáde díẹ̀díẹ̀. Wíwẹ̀yìn yẹn ní agbára tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Dírẹ́bà tó rí ojú yín mọ̀ pé èèyàn wà níwájú òun, ó sì mọ̀ pé èèyàn yẹn ti rí òun. Ẹni tí ò bá lè wẹ̀yìn kí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ má fì, kò tíì yẹ kó gun kẹ̀kẹ́ lórí títì ńlá, kó lọ fi pápá kọ́ ọ ná. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí.

Àwọn tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Iná: funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, àti ohun pupa tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tó bá yọ, "gbọ́dọ̀" ni, kì í ṣe "ó yẹ". Ẹ má sọ fún mi pé iná títì wà. Èèyàn dúdú nínú jákẹ́ẹ̀tì dúdú lórí kẹ̀kẹ́ dúdú nínú òjò oṣù kọkànlá, ẹ ro ohun tí dírẹ́bà ń rí. Iná pupa oríta kan kẹ̀kẹ́ bó ṣe kan mọ́tò, àádọ́ta pọ́ùn lẹ máa san tí wọ́n bá mú yín. Orí kọnkéré àwọn ẹlẹ́sẹ̀, wọn ò gbà kéèyàn gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ àfi ibi tí wọ́n bá ti gbé àmì sí, òfin kan látọdún 1835 ló ṣì ń mú un. Àwọn ìyá àgbà ń rìn níbẹ̀, táwọn ọmọ sì ń sáré jáde látinú ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ rántí pé ẹrù tiwa wúwo ju tiwọn lọ? Téèyàn bá sì mutí yó, kó ti kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti gùn ún.

Mo ní láti bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gbé oúnjẹ sọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, torí mo rí i pé wọ́n ń tan yín jẹ. Èyí tí òfin kà sí kẹ̀kẹ́ ni èyí tí mọ́tò ẹ̀ ò ju wáàtì 250 lọ, tó ní pẹ́dà, tí mọ́tò yẹn sì máa ń dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti ń sáré tó máìlì 15 àbọ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ti pé ọdún 14 lè gùn ún láìní láísẹ́ǹsì. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kadà ni lójú òfin, wọ́n á bi yín ní nọ́ńbà, ìnṣọ́ránsì, láísẹ́ǹsì, tẹ́ ẹ ò bá rí i fi hàn wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú títì níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún yín á sọ pé kò sí wàhálà, ẹ ò ní rí i lọ́jọ́ wàhálà. Mo mọ̀ pé owó ilé ń bọ̀, mo mọ̀ pé ẹni tó pẹ́ kò ní rí iṣẹ́ tó kàn gbà, mi ò sì ní dúró síbí kí n máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ò mọ̀. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín ò lè gbé oúnjẹ mọ́ lọ́la.

Lórí àkẹtẹ̀ ike yẹn, hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, òfin ò fi dandan mú oníkẹ̀kẹ́ láti dé e níbí, "ó yẹ" ni. Èmi ń dé e. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí wọ́n bá ti fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, òun nìkan ni wọ́n máa ń sọ, bàbá á ra hẹ́lmẹ́ẹ̀tì olówó ńlá fún ọmọ, ọmọ á dé e, á wá lọ gba apá òsì lọ́rì kọjá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ dé e, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ bá dúró sí lójú títì ló máa pinnu bóyá ẹ ó nílò ẹ̀.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan dìde. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ti pé ọdún méjìlá, ó fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé, òun sì ti sọ fún un pé orí kọnkéré ni kó máa gbà, pé kò sóhun tí mo lè sọ tó máa mú òun ju ọmọ òun sáàárín bọ́ọ̀sì. Mo sọ fún màmá pé mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè níléèwé ọmọ bóyá wọ́n ń ṣe Bikeability, ẹ̀kọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìpele mẹ́ta, ìpele kìíní nínú ọgbà, ìkejì ní títì kékeré, ìkẹta ní títì tó le. Ọ̀pọ̀ káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń kọ́ àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí màmá fúnra wọn lọ kọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀. Mo tún fi ọ̀nà kan hàn wọ́n, ojú ibi tí odò Surrey Canal ń gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí i, tó ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ báyìí, ó gba ẹ̀gbẹ́ Peckham Library jáde sí Burgess Park, mọ́tò kan ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ogún ọdún làwọn ti ń gbé Peckham, àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọkùnrin kan tó ń gbé oúnjẹ wá béèrè ohun tí mo ti ń retí látàárọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, tí mo bá wà láàárín léènì bẹ́ ẹ ṣe wí, tí wọ́n wá ń fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn, tí wọ́n ń bú mi ńkọ́?"

Mo ní àbúrò, ẹni tó ń fọn fèrè ti rí ẹ. Ẹni tí ò rí ẹ ni kó o bẹ̀rù, ìyẹn kì í sì í fọn fèrè. Dúró síbi tó o wà, má wẹ̀yìn láti bú u padà, máa gùn ún lọ déédéé títí wàá fi dé ibi tí títì ti fẹ̀, níbi tíwọ fúnra ẹ rí i pé ó dáa, kó o wá sún sósì kó o juwọ́ sí i kó máa lọ. Ìwọ ló máa yan ibẹ̀, kì í ṣe òun. Ó tún béèrè pé ṣé ẹ̀rù ò ní ba òun ni, mo ní ó máa bà ẹ́, ó bà èmi náà, bí mo ṣe ń gbọ́ fèrè lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ lara mi ń fẹ́ wọnú koríko. Kò sí koríko ní Old Kent Road.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo máa wà ní Burgess Park lẹ́bàá adágún omi yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀yìn tí kẹ̀kẹ́ ò ní fì, kó gbé tiẹ̀ wá, kó fẹ́ táyà ẹ̀ dáadáa, kó sì yẹ búrẹ́kì ẹ̀ méjèèjì wò kó tó kúrò nílé. Màmá yẹn ti ní àwọn ń bọ̀, tàwọn tọmọ.